Ṣíọ̀ Ìyáálé

Ẹ má bi Hidayat léèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ṣíọ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ sí i rí. Kàdíját ni kí ẹ bi, ìyàwó kejì nínú ilé Abdulraheem, nítorí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Sàfúrátù ìyáálé rẹ̀ fi sọ ṣíọ̀ sí i, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tó bá ń gbálẹ̀, nígbà tó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, nígbà tó bá kàn jókòó jẹ́ẹ́ rẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni ṣíọ̀. Kò tó èébú, kò tó èpè. Bí ẹ bá lọ fi ẹjọ́ sun àwọn àgbà pé lágbájá sọ ṣíọ̀ sí yín, wọn á ní kí ló tún wí, ẹ ó sì wá máa wò bọ̀ọ̀, nítorí kò tún wí nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bú yín, ẹ lè bú u padà. Ẹni tó ṣépè fún yín, ẹ lè ní kó padà sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ṣíọ̀ ti wò yín láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ti rí i pé ẹ kò tó ẹni tí èèyàn ń fi odidi ọ̀rọ̀ ṣòfò lé lórí. Ibi tó ti burú nìyẹn.

Sàfúrátù sì mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo obìnrin àdúgbò wọn l'Ọ́jà Tuntun lọ. Ó ní èyí tó ń sọ láìgbójú sókè, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ní èyí tó máa ń fi èjìká gbé, ìyẹn fún ìgbà tí àlejò bá wà nílé. Èyí tó wá burú jù, á di ojú fún un, á na ètè ìsàlẹ̀ síta, á fà á gùn títí èémí á fi tán, á wá la ojú láti wo ibi tó ti ba ẹni tó sọ ọ́ sí. Nígbà tí oyún kẹta tí Kàdíját ní wálẹ̀, èyí gígùn yìí ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn tó dé rárá.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀ràn kéwú lọ. Sàfúrátù, ọmọ àáfà ni, ọmọ Ìlọrin gidi. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ìdajì àdúgbò náà ní kéwú, òun fúnra rẹ̀ sì ti ka Àlùkùránì tán kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kàdíját ní tirẹ̀, abúlé kan lẹ́yìn Àfọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Mùsùlùmí òdodo ni àwọn ará ilé rẹ̀, àmọ́ àgbẹ̀ paraku ni wọ́n. Ìgbà tí kéwú ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́nu ni bàbá rẹ̀ mú un kúrò nílé-kéwú, ó ní ta ni yóò máa da ewúrẹ́. Àṣàbí ìyá rẹ̀ sunkún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí. Bàbá ò gbọ́.

Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlọrin. Kí wọ́n tó so yìgì ìyàwó, á jókòó nínú aṣọ funfun níwájú tẹbí-tará, á kéwú sí wọn létí, wọ́n á máa kí i ní máṣàlláhù bó ṣe ń parí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wòlíímọ̀ ni wọ́n ń pè é. Láìṣe wòlíímọ̀ ni wọ́n so yìgì Kàdíját, nítorí kò ní ohun tí yóò kà. Ọjọ́ tó wọlé ọkọ, tó kúnlẹ̀ kí ìyáálé rẹ̀, Sàfúrátù bi í pé súrà wo ló kà dé. Kàdíját sọ ọ́ fún un. Ṣíọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọdún kẹ́sàn-án rèé tí Abdulraheem ti kú. Ó fi ilé sílẹ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjì. Hidayat, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàfúrátù bí, ti wà nílé ọkọ ládùúgbò Basin, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Kàdíját kò bí ọmọ kankan yè. Ó ń ta bútà àlùwàlá àti ẹní ìkírun àti tèsùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Tuntun, ó ń dáná fún ìyáálé rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Orúkọ tí ìyẹn ń pè é kò ju “ìyàwó” lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti ń yọ sí ìyàwó lórí.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó gbọ́ pé Àáfà Muhammad Awwal ti ṣí ilé-kéwú fún àwọn ìyá, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Ó lọ. Ó ra wàláà tuntun tí yóò máa kọ kéwú sí, ó bá àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ jókòó lórí ẹní, wọ́n ń pe álífù, wọ́n ń pe bá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Àáfà náà kò ju ọmọ tó lè bí lọ, ó sì ní sùúrù bí omi inú àmù. Nínú ìsọ̀, bí oníbàárà kò bá sí, Kàdíját á ṣí ìwé sórí itan, á máa mì lọ, á máa mì bọ̀. Kò jẹ́ kí Sàfúrátù mọ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó kà á tán, ó jókòó sẹ́yìn àwọn bútà rẹ̀, ó sunkún tó ń dùn mọ́ ọn.

Àáfà ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe wòlíímọ̀ fún un. Kàdíját kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ojú ń ti òun. Nígbà tó wá sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, Àṣàbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà ló ní: “Kàdíját, má jẹ́ kí n kú kí n tó gbọ́ ọ.” Ìgbà yẹn ni wọ́n dá ọjọ́.

Iwájú ilé wọn náà ni wọ́n pa àtíbàbà sí. Àṣàbí ti wọ mọ́tò láti abúlé láti ìdájí, ó sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ rí bí igi ìdáná. Wọ́n gbé e sí àga iwájú. Kàdíját jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, ó di ọmọ àádọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀ fún Àáfà, ó ṣí Súrà Yásín, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ohùn náà dúró ṣinṣin. Àwọn èèyàn ń kí i ní máṣàlláhù, máṣàlláhù, Àṣàbí sì ń fi gèlè nu ojú. Hidayat tó ti Basin wá jókòó ti ìyá ara rẹ̀, òun náà ń mi orí.

Kàdíját dé ibi tí èèyàn ti ń mí. Ó mí. Kí ẹnikẹ́ni tó rí ààyè kí i, Sàfúrátù ti di ojú, ó ti na ètè.

“Ṣíọ̀ọ̀ọ̀.”

Ó gùn, ó sì já geere, gbogbo àtíbàbà gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin méjì fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rín wá di ti gbogbo èèyàn, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nítorí pé ẹnìkejì ń rín in. Kàdíját wo ìwé. Àwọn lẹ́tà tó fi ọdún márùn-ún kọ́ wá dà bí èèrà lójú rẹ̀. Àáfà Muhammad Awwal sọ gbólóhùn tó kàn sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Hidayat ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Ìyá, kín lẹ ṣe yẹn?” Sàfúrátù sì ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní kín lòun wí, ọ̀fun ló ń yún òun.

Àṣàbí ló dìde. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó pa Àlùkùránì náà dé, ó fi ẹnu kò ó, ó sì fa Kàdíját lọ́wọ́. Ó padà sí abúlé lọ́jọ́ náà láìfi oúnjẹ kan ẹnu. Bó bá ti gba fóònù lẹ́yìn ìgbà náà, ohun kan ló ń bèèrè: “Kàdíját, ṣé o ti kà á tán?” Kàdíját á ní, “Ó kù díẹ̀, Ìyá.” Kò pé ogójì ọjọ́ tí Àṣàbí fi kú.

Ẹ ẹ̀ sì tíì gbọ́ ìdajì. Ẹnì kan ti ya fídíò. Ó gbé e sórí Wásáàpù, ó sì lọ kárí ìlú kó tó di ọjọ́ kejì: obìnrin aṣọ funfun la ẹnu sílẹ̀, ṣíọ̀ gba orí ẹ̀ kọjá, ẹ̀rín. Àwọn ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ Kàdíját á dẹwọ́ eré, wọ́n á fà á gùn bí ti Sàfúrátù gẹ́ẹ́, wọ́n á sáré lọ. Ọmọbìnrin kan tó wá láti àdúgbò Tanke mú tèsùbáà lọ́wọ́, ó yí i, ó wo ojú Kàdíját, ó ní, “Ìyá, àbí ẹ̀yin lẹ wà nínú fídíò ọ̀hún?” Kò wá ra tèsùbáà náà mọ́, ẹ̀rín ò jẹ́ kó rí i rà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fìdáù Àṣàbí tán, Kàdíját kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní: “Ìyá Hidayat, kín ni mo ṣe fún yín?”

Sàfúrátù ń ṣa èkùrọ́ nínú ọpọ́n. Ṣíọ̀ tó ń sọ láìgbójú sókè ló fi dá a lóhùn.

Kàdíját dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì sọ ọ́ ketekete kí àwọn tó wà nínú àgbàlá lè gbọ́: “Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe fún mi, mo lè fi jìn yín. Ti ìyá mi, mi ò fi jìn yín. Ó di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Iwájú Ọlọ́hun la ó ti yanjú ẹ̀.” Sàfúrátù gbé èjìká. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ló kàn án pẹ̀lú Àlùkìyámọ̀?

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí Sàfúrátù ń ṣe àlùwàlá ìrun Àìlà, bútà já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí ọwọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ó sì ṣubú. Kàdíját ló wà nítòsí. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, kò sáré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wo omi tó ń ṣàn lábẹ́ aṣọ ìyáálé rẹ̀, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka Fátíà kan tán. Lẹ́yìn náà ló wá kígbe pe àwọn aládùúgbò.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àrùn rọpá-rọsẹ̀ ni. Dókítà pe Hidayat àti Kàdíját sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: “Òye Màmá pé pérépéré. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹnu ni kò jẹ́ tiwọn mọ́. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kan péré ló máa ń ṣẹ́ kù sí irú wọn lẹ́nu, èyí tó ti mọ́ wọn lára jù. Òun náà ni wọn á máa fi sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.”

Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Hidayat di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dáa mú, ó ní, “Ìyá, èmi rèé o. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀.” Ojú Sàfúrátù kún fún omi. Gbogbo ìfẹ́ tí ìyá fi ń pe ọmọ ni ó fi la ẹnu.

“Ṣíọ̀,” ni ó wí.

Hidayat fà sẹ́yìn. Kàdíját dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí i nínú ojú Sàfúrátù bí ìyẹn fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ẹ̀rù ṣe bà á, bó ṣe tún un ṣe, tí kò sì bọ́ sí i. Ṣíọ̀. Ṣíọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun!

Hidayat fẹ́ gbé e lọ sí Basin, àmọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé wọn, iṣẹ́ kò sì fún un láyè. Kàdíját ní: “Fi wọ́n sílẹ̀ níbí. Mo ti mọ ìṣe wọn.” Àdúgbò gbé orúkọ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ní irú obìnrin rere wo nìyí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kàdíját ń gba ìkíni wọn, ó ń ní Ọlọ́hun ló ni ọpẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ya gbogbo wọn lẹ́nu. Kàdíját nìkan ló gbọ́ ohun tí Sàfúrátù ń wí. Ṣíọ̀ ti omi, ṣíọ̀ ti ìgbẹ́, ṣíọ̀ ti pé ẹ yí mi padà, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, etí àwọn yòókù kò mọ ìyàtọ̀. Kàdíját mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kan, tó ń wò ó láti mọ èyí tí yóò dun òun jù, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Bí Hidayat bá wá lópin ọ̀sẹ̀, tí ìyá rẹ̀ bá ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ tí ọmọ ń dààmú, á ké sí ìyàwó bàbá rẹ̀ pé, “Ìyá Kàdíját, ẹ jọ̀ọ́, kín ni Ìyá mi wí?” Kàdíját á wo ojú Sàfúrátù, á ní, “Wọ́n ní kí ọmọ rẹ kékeré wá jókòó tì wọ́n.” Sàfúrátù á sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omi á jáde lójú rẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í ṣì í.

Bí Hidayat bá ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ tán, ó di nǹkan mìíràn. Sàfúrátù á sọ ṣíọ̀ ti omi. Kàdíját á gbé ife omi wá, á gbé e síbi tí ojú lè rí i tí ọwọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á ní, “Ẹ ní kí ni, Ìyá? Ṣíọ̀? Ó dáa, mo gbọ́.” Á gbé ife padà, á lọ jókòó sí àgbàlá. Á fún un níkẹyìn o, kò pa á lóùngbẹ. Kí ó ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ni omi wà.

Àwọn ọ̀rẹ́ Sàfúrátù ń wá kí i. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ohun tí dókítà wí, Kàdíját kò sì sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan gbé ọsàn wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Sàfúrátù, Ọlọ́hun á fún ọ lálàáfíà.” Ó gba ṣíọ̀ lójú. Ó wo Kàdíját. Kàdíját wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì fún ẹlòmíràn. Ìyá náà dìde, ó ní, “Títí dórí àìsàn? Ó mà ga o.” Kò padà wá. Bí wọ́n ṣe ń lọ níkọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí tí ó fi ku Kàdíját nìkan.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù ààwẹ̀ wọlé, ara Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò jẹun mọ́. Bí Kàdíját bá wọlé, ojú rẹ̀ á tẹ̀lé e káàkiri yàrá, á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ṣíọ̀ tuntun ni, Kàdíját kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ kẹta ni ó tó yé e. Ó fi aṣọ ìnujú sílẹ̀, ó jáde lọ sí ìsọ̀, kò padà wálé títí di Àlàásárì.

Hidayat náà fura pé nǹkan kan ń jẹ ìyá òun lọ́kàn. Kò gbàgbé ohun tí Kàdíját wí nínú àgbàlá lọ́jọ́ fìdáù. Ó lọ bẹ Àáfà Muhammad Awwal. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Àáfà wá jókòó lórí ẹní nínú yàrá náà, Hidayat kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, Kàdíját dúró ti ògiri.

Àáfà ní: “Ìyá Sàfúrátù, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀dá àti Ọlọ́hun, Ọlọ́hun lè fi jin ẹ̀dá. Èyí tó wà láàárín ẹ̀dá àti ẹ̀dá, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àfi kí ẹni tá a ṣẹ̀ yọ̀ǹda wa. Ìyá Kàdíját rèé. Bí ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wí fún wọn, ẹ wí i.” Ó yíjú sí Kàdíját. “Ìyá, ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá tọrọ àforíjì, ẹ ṣíjú àánú wò wọ́n. Èmi ni mo pe gbólóhùn sí yín létí lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohun tó dùn yín.”

Sàfúrátù fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣẹ́ kù fa ara rẹ̀ gbé. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ náà sí Kàdíját, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó kù sí i lára jọ.

“Ṣíọ̀,” ni ó wí.

Àáfà wo ilẹ̀, ó wo Hidayat. Hidayat gbé ojú sókè. “Ìyá Kàdíját, ẹ̀yin lẹ gbọ́ wọn. Kín ni wọ́n wí?”

Kàdíját gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó gbọ́ rí láyé rẹ̀ tó yé e tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ pé, fi jìn mí. Ó gbọ́ pé, nítorí ìyá rẹ, fi jìn mí. Ó tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, Kàdíját, tí ẹnu yẹn kò pè rí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ó rántí ìgbọ̀nwọ́ Àṣàbí. Ó rántí ohùn inú fóònù: ṣé o ti kà á tán?

“Ohun tí wọ́n máa ń wí náà ni,” ni Kàdíját wí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa.”

“Mo gbọ́ ọ dáadáa, Hidayat. Ṣé mo ti ṣì í rí?” Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bani nínú jẹ́ láti gbọ́. “Bí wọ́n ṣe wí i lọ́jọ́ wòlíímọ̀ mi gẹ́ẹ́ náà ni wọ́n wí i. Kò yí padà. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún ọ.”

Sàfúrátù mi orí pé rárá. Ọrùn rẹ̀ kò gbé e, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń bì sí, bí ẹni tó ń yínmú. Ó pariwo: “Ṣíọ̀! Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!” Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i ló ń burú sí i létí àwọn tó jókòó. Àáfà pa tèsùbáà rẹ̀ mọ́ sínú àpò. Hidayat rọra fi ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

“Ìyá,” ó ní, “títí di òní? Obìnrin tó ń nu ìdí yín?”

“Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!”

“Ó tó. Ẹ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.” Ó jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sunkún nínú àgbàlá, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń pe kẹ̀kẹ́. Àáfà Muhammad Awwal ṣe àdúà kúkúrú kan, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

Kàdíját ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ sí ìyáálé rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu itọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń nù ún. Ó ní: “Mo gbọ́ yín. Ẹ ní kí n fi jìn yín. Ẹ ní nítorí ìyá mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́.”

Ojú Sàfúrátù tàn. Ó di ọwọ́ Kàdíját mú pẹ̀lú ìka mẹ́ta tó ṣì lágbára.

Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Kàdíját kò sọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹnikẹ́ni rí, kódà kò sọ ọ́ sí adìyẹ. Àṣé ó ti mọ̀ ọ́n. Ó di ojú. Ó na ètè ìsàlẹ̀ síta. Ó fà á gùn títí èémí rẹ̀ fi tán, ó sì la ojú láti wo ibi tó ti ba ẹni tó sọ ọ́ sí.

Ó bá a dáadáa. Ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tú sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Kàdíját lọ pọn omi sínú bútà, ó ṣe àlùwàlá, ó gbé Àlùkùránì rẹ̀ wá láti inú àpótí. Kò ṣí i láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti pa á dé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí Súrà Yásín, ó wá ibi tó ti dúró láti mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò kọ́ rárá. Ó ń kà á lọ geere, lẹ́tà ń bọ́ sípò, ohùn rẹ̀ kún inú yàrá. Ní gbogbo ibi tí èèyàn ti ń mí, ó mí. Ó kà á tán pátápátá.

Ó wá dúró díẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí itan, nítorí ó ti mọ́ ọn lára pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wí nǹkan níbẹ̀. Sàfúrátù ti kọjú sí ògiri. Kàdíját bi í pé, “Omi ni?” Ó bi í pé, “Ṣé kí n yí yín padà?” Sàfúrátù kò wí nǹkan kan. Kò tún wí nǹkan kan ní ọjọ́ kejì, kò sì wí nǹkan kan títí tí wọ́n fi rí oṣù ààwẹ̀. Bí Hidayat bá pè láti Basin tó bèèrè ohun tí ìyá òun ń fẹ́, Kàdíját á ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sì ń sọ.